Ohun Tó Ń Jó Níbi Tí Kò Yẹ Kó Jó

Kò sí obìnrin tó ti dáná oúnjẹ rí tí kò mọ èéfín kà. Igi tí òjò pa, bí ó bá wọnú ààrò, funfun ni yóò máa rú, yóò ki, yóò sì máa ta ènìyàn lójú títí omi inú rẹ̀ yóò fi tán. Epo pupa tí a gbé kaná fún ọbẹ̀ ayamáṣe, bí ó bá ti gbóná kọjá ààlà, èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti inú ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ á fẹ́ jọ aró tí wọ́n bomi là, òórùn rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ di ọjọ́ kejì. Sítóòfù tí òwú rẹ̀ ti gbó, tàbí tí wọ́n fà á sókè jù, dúdú ni tirẹ̀: ìdí ìkòkò á dúdú, àjà ilé ìdáná á dúdú, ihò imú ọmọ tó jókòó tì í náà á dúdú. Kí ìyá tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tí yóò ti máa pariwo láti pálọ̀ pé kí wọ́n yọ igi yẹn, kí wọ́n sọ epo yẹn kalẹ̀, kí wọ́n rẹ òwú sítóòfù wálẹ̀.

Ìmọ̀ yìí gan-an la fi ń mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Ó ń dùn mí láti máa rí àwọn ìyá ọlọ́jà ní Jáńkárà, àwọn tó gbọ́n nínú òwò, tí wọ́n fi èrè egbòogi àti èrè àdìrẹ ra bọ́ọ̀sì tàbí Sienna tó ń kó ẹrù fún wọn, kí wọ́n wá dúró níwájú mẹkáníìkì bí ẹni tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọ̀gá mẹkáníìkì á yọjú wo ìdí ọkọ̀, á mi orí, á ní: "Màmá, ẹ́ńjìnì yìí ti lọ o. Ẹ jẹ́ ká kúkú wá òmíràn ní ọjà Ládípọ̀." Owó ẹ́ńjìnì á sì jáde. Nígbà mìíràn, rọ́bà kékeré kan tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ ló ń fa gbogbo èéfín náà.

Nínú ààrò, gbogbo nǹkan ló wà lójú: igi, iná, ìkòkò. Ẹ́ńjìnì kò rí bẹ́ẹ̀, irin ni wọ́n fi sé iná mọ́. Nínú ihò róbótó tí wọ́n ń pè ní sìlíńdà ni epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, tí púlọ́ọ̀gì ń ṣáná sí wọn, tí wọ́n sì ń ti písítìn lọ sísàlẹ̀ kí táyà lè yí. Ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́rin tó ń yí nígbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan ń dáná nígbà 4,000 nínú ìṣẹ́jú yẹn. Omi ń ṣàn yí àwọn ihò náà ká láti máa tù wọ́n. Ọ́ìlì ń ta sí ìsàlẹ̀ wọn àti òkè wọn kí irin má baà máa jẹ irin. Epo àti afẹ́fẹ́ nìkan ló yẹ kó jó, nítorí náà ibi mẹ́ta ni wọ́n mọ odi sí. Gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn abala pẹlẹbẹ tó wà láàárín ara ẹ́ńjìnì àti tọ́ọ̀pù rẹ̀, ni kì í jẹ́ kí omi wọnú iná. Ríìngì tó yí písítìn ká ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ìsàlẹ̀ gòkè. Síìlì rọ́bà tó wà lọ́rùn fáàfù ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì òkè sọ̀ kalẹ̀. Ojú ènìyàn kò lè dé ibẹ̀ láìtú irin. Ihò kan ṣoṣo tó yọ síta láti inú iná náà ni sàlẹ́ńsà, òun ló sì ń ròyìn ẹni tó fo odi. Funfun, omi ni. Aró, ọ́ìlì ni. Dúdú, epo ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi funfun bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni kì í fún ènìyàn láyè púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo funfun ló burú. Epo bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ máa ń bí omi bí ó bá jó: háídírójìn inú rẹ̀ á pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, lítà epo kan á sì bí omi tó tó nǹkan bíi lítà kan. Bí oru ni omi yìí ṣe ń jáde. Ní London, nínú oṣù Kejìlá, òtútù máa ń mú débi pé gbogbo ọkọ̀ tó wà ní Peckham ló ń rú funfun láàárọ̀, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Èkó kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, oru yẹn kì í pẹ́ pòórá. Ohun tí a sábà ń rí ni omi díẹ̀ tó ń kán láti ẹnu sàlẹ́ńsà ní ìdájí, pàápàá lásìkò òjò tàbí ọyẹ́; bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, ó tán. Ìdí nìyí tí funfun fi gbọ́dọ̀ tètè ká ará Èkó lára ju ará London lọ. Bí ọkọ̀ bá ti rìn láti Jáńkárà dé Ọ̀yìngbò, tí oòrùn ti ń ràn, tí èéfín funfun tó ki ṣì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, omi rédíétọ̀ ló ti wọnú iná.

Àwọn ìwé tí wọ́n kọ nílẹ̀ òkèèrè á ní kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, pé òórùn dídùn ló máa ń ní. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ pé kúláǹtì ló wà nínú rédíétọ̀. Ṣùgbọ́n danfó mélòó ní Èkó ló ń mu kúláǹtì? Omi ẹ̀rọ, omi kànga, omi inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ wọn ń mu, omi kò sì ní òórùn. Nítorí náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé imú níbí. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ti tutù pátápátá (bí ó bá gbóná, ẹ má fọwọ́ kàn án, omi gbígbóná á bẹ́ síni lójú), kí ẹ wò ó bóyá omi tí ẹ bù kún un lánàá ti dín, tí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ sì gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti ṣì funfun tó sì ki, omi ti dé inú rẹ̀.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń fa púpọ̀ nínú àìsàn funfun yìí. Ọkọ̀ tó dúró lójú kan ní Ìdúmọ̀tà kò rí atẹ́gùn kankan tó ń fẹ́ sí rédíétọ̀ rẹ̀ àfi èyí tí fáànù bá fà fún un. Bí fáànù bá kú, ooru á máa pọ̀ títí tọ́ọ̀pù, tó jẹ́ alumíníọ́mù lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, á fi tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ á sì là. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ nígbà tí ìjàpá Volkswagen pọ̀ nígboro, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Òjó lójú ọ̀nà Badagry ní 1975, kò bá wàhálà yìí pàdé nínú rẹ̀ rí, nítorí atẹ́gùn ni wọ́n fi ń tu ẹ́ńjìnì ìjàpá. Kò ní rédíétọ̀ rárá. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń fi omi tù ló mú funfun di ohun tí gbogbo ayé ń rí.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kìlọ̀ lórí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí omi bá rọra jò kún sìlíńdà kan lóru, tí dẹ́rẹ́bà sì ṣíná láàárọ̀, písítìn á gòkè lọ bá omi tí kò lè yẹ̀ fún un, ọ̀pá irin tó gbé písítìn dúró á sì tẹ̀. Ohun tí ì bá jẹ́ owó gásíkẹ́ẹ̀tì á di owó odindi ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ tó bá ń rú funfun, kò yẹ ká sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó ṣáà fi pa owó òní wálé ná.

Ibi èéfín aláwọ̀ aró ni mo ti fẹ́ ká pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí ọ́ìlì kì í rú funfun bí omi. Ẹ̀kán omi inú oru tóbi díẹ̀, gbogbo àwọ̀ inú ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn padà pa pọ̀, gbogbo àwọ̀ pa pọ̀ sì ni funfun. Ẹ̀kán ọ́ìlì tí kò jó tán kéré gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré ju gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ, ohun tó bá sì kéré bẹ́ẹ̀ máa ń tan búlúù ká ju pupa lọ. John Tyndall fi èyí han àwọn ènìyàn ní London ní ìparí àwọn ọdún 1860, Lord Rayleigh sì ṣírò rẹ̀ jáde ní 1871. Irú ìtànká kan náà ló ń mú kí ojú ọ̀run rí búlúù. Ó wúlò fún wa ní títì: bí ẹ bá fẹ́ rí àwọ̀ aró yìí dáadáa, ẹ má dúró níbi tí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ ti wà lẹ́yìn èéfín, nítorí ibẹ̀ á sọ ọ́ di ràkọ̀ràkọ̀ tí kò ní àwọ̀ gidi. Ẹ dúró síbi tí ẹ ó ti rí i níwájú ògiri dúdú, tàbí lórí ọ̀dà títì, kí oòrùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Aró á yọ.

Bí ó bá ti yọ, ìbéèrè tó kàn ni ìgbà tó yọ. Níbí ni Jáńkárà ti dára ju ibòmíràn lọ. Ẹ̀yìn Ìdúmọ̀tà ni ọjà náà wà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí òpópónà Adéníjì Àdèlé àti ẹsẹ̀ afárá Carter, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní 1901, tí wọ́n sì tún kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ọkọ̀ tó bá ń ti ibẹ̀ lọ sí Ìdó á kọ́kọ́ dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á tẹná gun orí afárá pẹ̀lú èrò àti ẹrù, á wá fẹsẹ̀ kúrò lórí iná láti sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì. Àwọn ipò mẹ́ta tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ máa ń fẹ́ wo ọkọ̀ nìyẹn, gbogbo wọn wà lójú ọ̀nà kan tí kò gùn.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan láìtẹná, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Písítìn ń fà, kò rí afẹ́fẹ́ tó fà, ó wá ń fa ohunkóhun tó bá wà nítòsí. Bí síìlì ọrùn fáàfù bá ti gbẹ, tó ti le, ọ́ìlì òkè ni yóò máa fà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí yóò máa kóra jọ síbẹ̀. Bí ọ̀nà bá wá là, tí dẹ́rẹ́bà tẹná, gbogbo rẹ̀ á jó lẹ́ẹ̀kan: èéfín aró á tú bùù, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á mọ́. Síìlì nìyẹn. Bákan náà ni ti ọkọ̀ tó sùn mọ́jú, tó tú aró bùù nígbà tí wọ́n ṣíná, tó sì dákẹ́. Ọ́ìlì ló ń sọ̀ kalẹ̀ gba ọrùn fáàfù lóru. Èyí tó bá sì wà nínú jíà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá láìtẹná, tó wá rú aró nígbà tó padà tẹná ní Ìdó, ọrùn fáàfù náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ti ríìngì yàtọ̀. Òun kì í rú bùù kó mọ́. Bí ọkọ̀ bá ń gun afárá, tí ẹrù wọ̀ ọ́ lára, agbára iná inú sìlíńdà máa ń pọ̀ sí i; bí ríìngì bá ti jẹ, iná á máa gba ẹ̀gbẹ́ písítìn lọ sísàlẹ̀, ọ́ìlì náà á máa gba ibẹ̀ gòkè. Bí dẹ́rẹ́bà bá ṣe ń tẹná tó ni aró á ṣe máa pọ̀ tó, kò sì ní dáwọ́ dúró títí yóò fi dé téńté afárá. Bí ẹ bá ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn gbígbóná á máa tú síta níbẹ̀. Iṣẹ́ ríìngì tóbi, kì í ṣe ohun tí à ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí èéfín ìdájí nìkan, tí wọ́n sì gba owó ríìngì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ.

Ọ̀pọ̀ àìsàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Camry tí àwọn ènìyàn ń pè ní Muscle, àwọn tó jáde láàárín 2007 sí 2009 pẹ̀lú ẹ́ńjìnì lítà 2.4, gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà pé ó ń mu ọ́ìlì. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìn rẹ̀ máa ń dí, Toyota fúnra wọn sì ṣètò àtúnṣe fún un lọ́hùn-ún. Irú ọkọ̀ yẹn ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bíi tókunbọ̀. Ohun tó tún mú un ṣòro láti mọ̀ ni kátálísìtì tó wà lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà. Pàlátínọ́mù, paládíọ̀mù àti ródíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, ooru rẹ̀ sì máa ń jó ọ̀pọ̀ nínú ọ́ìlì náà kó tó jáde, débi pé ọkọ̀ lè máa mu ọ́ìlì lítà kan láàárín ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì kí ìdí rẹ̀ ṣì mọ́. Àwọn kan á wá yọ kátálísìtì tà, torí owó tó wà nínú rẹ̀, èéfín á sì bẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì. Olówó ọkọ̀ á rò pé ọjọ́ yẹn ni àìsàn dé. Gééjì ọ́ìlì ni kò ní purọ́. Ẹ máa fà á yọ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná.

Àṣà kan wà tí inú mi kò dùn sí: kí wọ́n da ọ́ìlì tó ki gan-an sínú ẹ́ńjìnì kí èéfín lè dínkù. Ó máa ń dínkù lóòótọ́, fún ìgbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń ta ọkọ̀ tí kò dára fún ẹni tí kò mọ̀. Ọ́ìlì tó ki jù kì í tètè dé òkè ẹ́ńjìnì láàárọ̀, irin á sì máa jẹ irin nígbà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ wí fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣíná kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Bí ó bá ti gbóná, ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀rọ kan wà tí aró kì í ṣe àìsàn rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní I-pass-my-neighbour, a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ni, nítorí kò ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé lọ́tọ̀. Ọ́ìlì yẹn gbọ́dọ̀ bá epo jó. Bó bá ń rú aró díẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bó bá rú jù, ọmọ tó po epo ló da ọ́ìlì púpọ̀ sí i.

Dúdú kò le láti yé ẹnikẹ́ni tó ti lo sítóòfù. Kábọ́ọ̀nù tí kò rí afẹ́fẹ́ tó láti jó tán ni. Fílítà afẹ́fẹ́ tí eruku ọyẹ́ ti dí ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ wò, nítorí kò wọ́n, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́súlù tó ń jò, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń parọ́ fún ọpọlọ ọkọ̀ pé afẹ́fẹ́ pọ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn ará ilé wa gbọ́ dáadáa ni ti tẹmositáàtì. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló máa ń yọ ọ́ sọ nù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, òyìnbó tó wà nínú òtútù ló nílò rẹ̀. Iṣẹ́ tẹmositáàtì ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ kó sì dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, omi á máa tutù jù, ọpọlọ ọkọ̀ á máa rò pé àárọ̀ ṣì ni, á sì máa tú epo kún epo. Epo á máa ṣòfò, ẹnu púlọ́ọ̀gì á dúdú, ìdí ọkọ̀ á dúdú. Láti ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà epo ní Èkó fò láti abẹ́ ₦200 sí ₦488 lọ́wọ́ kan, kò sí ẹni tó lè ní irú òfò yẹn kò kan òun.

Ti dísẹ̀lì ní ìlànà tirẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì, bí ẹ bá tẹná, epo ni ẹ fi kún un, afẹ́fẹ́ kò pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mólùẹ́ àtijọ́ fi máa ń tú dúdú lé wa lórí nígbà tí èrò bá kún un dé ẹnu ọ̀nà tó sì ń gun afárá. Ní 1888, ní Paris, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Maximilien Ringelmann ya ìlà dúdú sórí káàdì ní ìpele ìpele, láti 0 tó funfun dé 5 tó dúdú kirikiri, kí ẹni tó dúró lókèèrè lè fi ojú lásán wọn èéfín iléeṣẹ́. Káàdì yẹn ni àwọn aṣojú ìjọba ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nàìjíríà náà ní òfin lórí èéfín ọkọ̀, èyí tí NESREA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àyíká, gbé jáde ní 2011. Ó yẹ kí wọ́n máa lò ó nítorí ẹni tó pàtẹ ewé àti egbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti àárọ̀ di alẹ́, tí ohun tí bọ́ọ̀sì ń tú jáde ń bà lé ọjà rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Èéfín tó ń pani jù lọ kò sì ní àwọ̀ kankan. Bí epo kò bá rí afẹ́fẹ́ tó, carbon monoxide máa ń bá dúdú jáde, ó sì lè jáde láìsí dúdú. Kò ní òórùn, kò ta ojú. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn máa ń dì mọ́ ọn ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ẹni tó bá ń fà á símú á kàn máa sùn lọ. Àwọn ọ̀nà àárín ṣọ́ọ̀bù ní Jáńkárà há, jẹnẹrétọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì jáde kí wọ́n tó máa wá Panadol.

Kì í ṣe gbogbo àìsàn ọkọ̀ ló ń rú èéfín o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè wa láti Bẹ́ljíọ̀mù, ọkọ̀ ń kú lójú ọ̀nà, púm̀pù epo ń bàjẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kò rú èéfín kankan. Ẹ̀rọ sikáánà tí wọ́n ń fi sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wúlò fún irú èyí, gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló sì ní ojú ihò rẹ̀. Bí nọ́ńbà tó gbé wá bá jẹ́ P0172, epo ti pọ̀ jù, ó bá dúdú mu. Ṣùgbọ́n sikáánà kò ní nọ́ńbà fún síìlì tó gbẹ. Ibẹ̀, ojú yín ló kù.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má ṣe wí pé "ọkọ̀ mi ń rú èéfín." Ẹ sọ àwọ̀ rẹ̀, ẹ sọ ìgbà tó ń rú, ẹ sọ iye omi tàbí ọ́ìlì tó ń dín láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá ní gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi omi búlúù dán an wò lẹ́nu rédíétọ̀: bí èéfín iná bá ti wọnú omi rédíétọ̀, omi búlúù yẹn á di yẹ́lò lójú yín. Bó bá ní ríìngì ni, ẹ ní kó tú púlọ́ọ̀gì, kó fi gééjì wọn agbára sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Èyí tó bá rẹlẹ̀, kó da ṣíbí ọ́ìlì kan sínú ihò rẹ̀, kó tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà bá gòkè, ríìngì ni lóòótọ́, nítorí ọ́ìlì yẹn ló bá a dí àlàfo rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá yẹ̀, fáàfù ni tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì dọ́gba tí wọ́n sì le, àmọ́ tí aró ń tú bùù lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, síìlì ọrùn fáàfù ni, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ sì lè pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ rárá.